Aṣọ tí Pẹ̀lẹ́ fi Sílẹ̀

Ní ọjọ́ tí Olùtọ́jú, obìnrin tí ń bójú tó àwọn ẹṣin, kọ́kọ́ fi ojú kan ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Agépátákò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin dúdú tí ó ti fọ́ eyín ènìyàn méjì ni ó wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó sì ń súfèé. Obìnrin náà kò lè kígbe, nítorí bí ẹṣin bá ta gìrì, agbárí ọkùnrin náà ni yóò fara gbá a. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú títí ọ̀bẹ fi gé pátákò náà tán.

"Ẹ mí, àǹtí," ni ọkùnrin náà wí láìgbójú sókè. "Láti ìgbà tí ẹ ti dé ni ẹ ò ti mí."

"Ta ní gbà yín láàyè láti súnmọ́ ẹṣin yẹn?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Mo kí i, ó sì jẹ́ mi."

Ilé ààbò ni ibẹ̀, fún ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí àwọn tó ni wọ́n ti lò gbó, tí wọ́n sì lé dànù. Bàbá Olùtọ́jú ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó yẹ kí Agépátákò máa wá, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́fà tó pé, ojoojúmọ́ ni ó ń yọjú, bẹ́ẹ̀ pátákò kì í hù tó bẹ́ẹ̀.

"Ta ló tún kàn lónìí?"

"Kíákíá."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kì í yára rárá ni Kíákíá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti Pẹ̀lẹ́, èkejì rẹ̀, kì í fi ara wọn sílẹ̀.

"Ìjẹta lo gé tirẹ̀. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́."

"Ó ń tì mí, àyànfẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ ìtìjú."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Agépátákò bi í bóyá yóò fẹ́ òun, ẹ̀rín kú lójú Olùtọ́jú.

"Abẹ́ pátákò ni orí rẹ máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọ wálé lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀rù yẹn. Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ lókèèrè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Kí ó tó dé, wọ́n ti sin ín. Títí di òní, bí ilẹ̀kùn bá dún, Bàbá a gbójú sókè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Agépátákò ni ó kọ́kọ́ dé, ó sì bá òkú Pẹ̀lẹ́ nílẹ̀. Kíákíá wà ní yàrá ìtọ́jú nítorí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Agépátákò ro omijé tí ẹni tí ó fẹ́ràn yóò sun. Ó gbé òkú náà sínú ọkọ̀, ó sì fi katakata sin ín sí ìpẹ̀kun pápá.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé nínú ọgbà náà, bí ọ̀kan nínú méjì bá kú, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òkú náà títí èkejì yóò fi wá, tí yóò gbóòórùn rẹ̀, tí yóò sì fúnra rẹ̀ pẹ̀yìn dà.

Nígbà tí wọ́n tú Kíákíá sílẹ̀, ó wá Pẹ̀lẹ́ ní gbogbo kọ̀rọ̀. Kò jẹun lọ́jọ́ kìíní, kò jẹun lọ́jọ́ kejì.

"Ebi yìí yóò mú kí ọ̀rá ara rẹ̀ bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sì pa á," ni dókítà ẹran wí. "Bí kò bá jẹun títí ọ̀la, ẹ má wulẹ̀ pè mí mọ́."

Bàbá kọjú sí Agépátákò. "O gbé òkú lọ kí alààyè tó dágbére. Má ṣe tún dé ọgbà yìí."

Olùtọ́jú lọ jókòó ti Kíákíá, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn dun Agépátákò ju ọ̀rọ̀ Bàbá lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Agépátákò rí aṣọ ìbora tí Pẹ̀lẹ́ ń wọ̀ nígbà òtútù, tí ó ti bọ́ lára òkú náà, lábẹ́ tapólì tí ó fi ń bo ẹrù ọkọ̀ rẹ̀. Irun Pẹ̀lẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e padà wá, Bàbá sì dínà fún un lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, ṣùgbọ́n Kíákíá ni mo wá bẹ̀."

Bàbá wo aṣọ náà pẹ́. Ó ṣí géètì.

Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Kíákíá fi imú kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkàn Olùtọ́jú fò sókè, nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí àárẹ̀ bá dá dùbúlẹ̀ báyìí kì í sábà dìde. Kíákíá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. Àwọn náà dúró, láti òwúrọ̀ títí òjìji fi yí sí apá kejì ilé.

Nígbà náà ni Kíákíá pẹ̀yìn dà, tí ó rọra rìn lọ síbi oúnjẹ. Wọ́n gbọ́ ìró eyín lórí koríko.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọn ò fi aṣọ kankan sílẹ̀ dè mí," ni ó wí. Nígbà tí ó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó sì wo Agépátákò. "Máa bọ̀ lọ́la. Ó jọ pé pátákò Kíákíá ti hù."

Nígbà tí Bàbá wọlé, Olùtọ́jú ká aṣọ náà.

"Bí ìwọ bá ṣíwájú, wọn ò ní gbé ọ títí èmi fúnra mi yóò fi pẹ̀yìn dà."

"Bí ó bá ṣe ìwọ ńkọ́?"

"Kí o dúró tì mí. Lẹ́yìn náà, kí o jẹun."

"Mo gbà."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

Olùtọ́jú na ọwọ́ sí i. "Ó dára. Fẹ́ mi, ká jọ máa bẹ̀rù."