Agogo Tó Ń Pè Láti Àpòmù

Ẹni tọ́rọ̀ yìí ṣojú rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, n kò sì bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó yà lójú ọ̀nà Ìkirè sí Àpòmù, kó béèrè ilé téṣàn Ìkirè àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Bó bá débẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, yóò bá Kẹ́misọ́lá tó ń tọ́jú ibẹ̀. Kì í tètè lọ sílé mọ́.

Yàrá kan péré ni wọ́n pàtẹ ẹrù sí: àtùpà, fìlà ọ̀gá téṣàn, tíkẹ́ẹ̀tì tí kòkòrò ti jẹ létí, àti àpótí onígi kan tó ní agogo lórí àti bọ́tìnì níwájú. Àpótí yẹn ni ọ̀gá téṣàn Ìkirè àti ti Àpòmù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Bí èyí bá tẹ bọ́tìnì níhìn-ín, agogo a dún lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan: mo ń pè ọ́. Ẹni tí wọ́n pè á dá ẹ̀ẹ̀kan padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta: ṣé ọ̀nà ṣófo, kí n tú ọkọ̀ sílẹ̀? Bó bá dá ẹ̀ẹ̀mẹta padà, ó ti gbà, ọkọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì pe èkejì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń fẹ́. Wọn kì í pè lásán.

Obadiah, bàbá Kẹ́misọ́lá, ló ṣe ọ̀gá téṣàn kẹ́yìn níbẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti fọ́, yàrá ẹ̀yìn téṣàn ló sì ń gbé. Àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá sí Gbọ̀ngán, baba kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní agídí àgbà ni.

Ọ̀sán Mọ́ńdè kan báyìí, oòrùn mú, ewé kankan ò mì. Nǹkan bí aago mẹ́rin, Kẹ́misọ́lá ń nu eruku. Agogo dún.

Ẹ̀ẹ̀kan.

Wáyà tó so ó mọ́ Àpòmù, àwọn tó ń ṣa irin tà ti ká a lọ tipẹ́tipẹ́.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo wa láti kékeré pé bí a bá gbọ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè, ká má jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rélùwéè ni Kẹ́misọ́lá. Wọ́n ti nà án rí nítorí agogo tó dún tí kò dáhùn. Kó tó ronú, ìka rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnì. Agogo tún dún, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú sùúrù.

Ó sáré lọ sẹ́yìn. Baba ti dìde jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà.

“O dá wọn lóhùn?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Bàbá.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ńkọ́?”

“N ò dá a.”

Baba mí kanlẹ̀. “Ọjọ́ tí wọ́n ti téṣàn yìí pa, wọ́n béèrè ọ̀nà láti Àpòmù. Mo fẹ́ dáhùn. Àwọn tó wá tì í ní kí n fi sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Mo fi sílẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ṣì ń dúró.”

“Kí ló fẹ́ wá gbé?”

“Ọ̀gá téṣàn tó bá parí iṣẹ́, ọkọ̀ ìkẹyìn ló ń bá lọ sílé. Dá wọn lóhùn, Kẹ́mi. Ó ti rẹ̀ mí.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin ò dá wọn lóhùn?”

“Ẹni tó ń wọkọ̀ kì í fún ara rẹ̀ lọ́nà.”

Ilé tí baba ń sọ yé Kẹ́misọ́lá. Kò fẹ́ kí baba rẹ̀ lọ, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Téṣàn ibẹ̀ ti wó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rùfáì ń sin adìyẹ lórí ilẹ̀ náà.

“Ẹ ò rí nǹkan kan níbí rí?” ni Kẹ́misọ́lá bi í.

“Kí ni kí n rí?” Rùfáì yọ bàtà, ó gbọn ìyàngbò kúrò nínú ẹ̀. “Àwọn adìyẹ mi nìkan. Tó bá ti di bí aago mẹ́rin, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á kọjú sọ́nà Ìkirè. Wọn ò ní ké o. Tó bá yá, wọ́n á tún jókòó.”

Aago mẹ́rin ni agogo ń dún. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́rin bá ti ń súnmọ́, Kẹ́misọ́lá á jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú àpótí. Agogo á pè é, kò ní dáhùn. Baba kò bá a jà, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Ohun tó sì ń dun Kẹ́misọ́lá jù ni pé ó ń wu òun náà láti mọ̀. Gbàgúdá ti bo ojú irin. Irú ọkọ̀ wo ni yóò gba ibẹ̀ kọjá?

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, agogo kò dún. Aago mẹ́rin kọjá. Àbọ̀ lù. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Ṣé wọ́n ti lọ ni? Kó kàn lè mọ̀ ló ṣe fa ọwọ́ kan yọ, ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan.

Agogo dá ẹ̀ẹ̀kan padà lójú ẹsẹ̀.

“Kẹ́mi.” Ohùn baba jáde láti ẹ̀yìn. “Ìwọ lo pè wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?”

Kò tíì dá baba lóhùn, kò sì tíì sọ ohunkóhun fún àwọn ọ̀hún. Agogo kò dún mọ́ láti ọjọ́ náà. Rùfáì ní àwọn adìyẹ òun kì í jókòó mọ́. Baba ṣì wà láàyè, ó ń sùn, ó ń jí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òun.