Òkúta Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Nígbà náà, Kúbúrá ṣì wà láàyè. Fàsásì ọkọ rẹ̀, télọ̀ Àrẹ̀mọ, ti kú, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Inú pálọ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń sin baálé ilé láyé àtijọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ orí sàréè rẹ̀ ga díẹ̀, ibẹ̀ ni Kúbúrá sì máa ń jókòó tì láàárọ̀, tí yóò máa fa tẹ̀súbáà, tí yóò máa bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Fàsásì, òjò rọ̀ lánàá. Fàsásì, ọmọ rẹ ò tíì jẹun o."

Afeez ni ọmọ yẹn, tí ìyá rẹ̀ ń fi oríkì pè ní Àlàmú. Òun nìkan ni wọ́n bí. Owó ń ta á lójú bí ata. Oríta-mẹ́rin ló máa ń wà látàárọ̀, nídìí tábìlì sinúkà, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù lórí aṣọ rẹ̀ sínú àpò etí rẹ̀, tí wọ́n gbé sábẹ́ tapólì, tí òun àti Ishaq ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ta tẹ́tẹ́. Ishaq ló máa ń jẹ. Bó bá ti jẹ, á ní, "Afeez, lọ bá Màámi kí wọ́n fún ẹ lọ́mú!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Afeez náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni.

Ẹ̀rín yẹn ló lé e dé ọ̀dọ̀ Oyèdélé adáhunṣe, ní Bẹyẹrúnkà.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ Afeez ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nǹkan kan ń kán, tó, tó, tó, sórí òkúta. Kì í ṣe omi. Omi kì í rùn báyẹn.

"Kí lo wá ṣe?"

"Owó ni, Baba. Mo fẹ́ ní tábìlì sinúkà tèmi nílé, kí àwọn olówó máa wá ta á lọ́dọ̀ mi."

Oyèdélé rẹ́rìn-ín kèékèé. "Má ra onípákó. Pákó kì í gba ẹ̀jẹ̀ dúró, ó máa ń gbẹ dànù ni. Wá èyí tó ní òkúta nínú. Gbé e lé orí ẹni tó bí ọ. Bí wọ́n bá tò ó tán, fọ́n ẹ̀tù yìí sórí aṣọ tábìlì náà." Ó fi nǹkan tútù ra Afeez lórí. "A kì í gbọ́ ẹkún òkúta. A kì í bá àpáta ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ẹ̀tù yìí, òun lòkúta ó mu. Ta ni?"

"Ishaq."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Baba."

Afeez ta ilẹ̀ tí Fàsásì fi sílẹ̀, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Obed tó ń ta tábìlì sinúkà lọ, nítòsí Agodi.

"Ilé lẹ fẹ́ gbé e sí àbí òtẹ́ẹ̀lì?" Obed bi í.

"Ilé ni."

"Ẹ mú eléyìí, ó fúyẹ́." Obed fi ìka lù ú, ó dún bí àpótí òfìfo. "Àmọ́ pákó ni. Tójò bá dé á wú, bọ́ọ̀lù á máa fì sápá kan. Tọ̀hún yẹn ni tòtẹ́ẹ̀lì. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ sábẹ́ aṣọ yẹn, irin lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ń ta á tọ̀sán tòru, kò ní yẹ̀."

"Òun ni mo fẹ́."

"Ó wúwo o! Ilẹ̀ yín gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Àyè sì gbọ́dọ̀ wà yí ká, kí igi tẹ́ ẹ fi ń gbá a lè ráyè lọ sẹ́yìn, kó má máa kọlu ògiri. Kí ló wà nínú pálọ̀ yín?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Afeez wí.

Baba rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó délé, ó ní, "Màámi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ pálọ̀ tẹ́jú, kí n lẹ táìlì sí i."

Kúbúrá wo sàréè, ó wo ọmọ. Ó fi ìborùn nu ojú. "Baba ẹ ò ní bínú. Ilé rẹ̀ náà lo kúkú ń tún ṣe. Àmọ́ Àlàmú, ohun tuntun kì í wọlé yìí kí n má kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kí n ṣàdúrà sí i. Ọjọ́ tí baba ẹ ra máṣíìnì, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bà á."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Kò gbọ́. Kúbúrá ti wí i látìgbà kékeré rẹ̀, títí kò fi jọ ọ̀rọ̀ létí rẹ̀ mọ́.

Wọ́n fọ́ sàréè. Wọ́n gbé tábìlì olókùúta náà lé Fàsásì láyà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn tó tò ó lọ tán, Afeez fọ́n ẹ̀tù náà. Aṣọ tútù bí ewé yẹn mì lẹ́ẹ̀kan, bí awọ ẹran tí eṣinṣin bà lé. Ó ti rán ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ràbíátù, àbúrò ìyá náà, ní Bẹẹrẹ. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó síta, ó pe Ishaq lórí fóònù.

"Máa bọ̀! Ìwọ lo máa ṣí i."

"Jẹ́ kí n kírun Jímọ̀ tán, òpè! Lónìí lo máa sunkún."

Kúbúrá ti dé Màpó kó tó rántí. Ọmọ òun gbé ohun tuntun wọlé, òun ò tíì ṣàdúrà sí i. Ó yí padà nínú oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Afeez gbọ́ ohùn nínú pálọ̀. "Bisimilahi..."

Ó fi èjìká já ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ dúró ti tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ. "Àlàmú, ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ ọn." Afeez fà á. Awọ bó, ọwọ́ ò kúrò. Ìka ti rì. Lábẹ́ aṣọ, nǹkan kan ń fà á mu, kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀, bí ọmọ tó ń mu ọmú. Apá Kúbúrá funfun, ó di àwọ̀ eérú, eérú náà ń gun èjìká bọ̀. Afeez gbé àáké, ó ṣá ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ojú àáké ló ká.

Ó pe Oyèdélé. "Baba, ìyá mi ni! Ìyá mi ló fọwọ́ kàn án!"

"Mo bi ọ́ bó bá dá ọ lójú."

"Ẹ jẹ́ kó tú u sílẹ̀!"

"Òkúta kì í bi ẹ̀jẹ̀. Owó ló máa ń bì."

Àwọn àpò etí tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì í, owó tútù, owó tó ń rùn, tí ó ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ lé orí ibi tí Fàsásì sùn sí.

"Àlàmú, má sunkún," ni Kúbúrá wí. Ètè rẹ̀ ti ń le. "Àdúrà mi ò tíì parí. Ọlọ́run, jẹ́ kí ohun tí ọmọ mi rà yìí ṣe é láǹfààní. Jẹ́ kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dàgbà, kí wọ́n darúgbó." Ó mí. "Ẹ ṣe àmín."

Afeez tún gbé àáké tó ká náà sókè.

"Àmín," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Ishaq ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà mọ́ṣáláṣí lórí, bàtà lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí oòrùn tó kúrò lórí òkè Màpó, ni Kúbúrá kú.