Ẹ̀rù Ba Agégíláàsì

Kápẹ́ńtà ti so bàtà rẹ̀ tán kó tó rí i pé ìyàwó òun ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé kò yẹ kó o ti wẹ̀ ni?"

"Ara mi ò yá."

"Ibo ló ń dùn ọ́?"

Obìnrin náà ò rí ibì kankan tọ́ka sí. Ẹ̀rù ló ń bà á, wọn kì í sì í ta oògùn ẹ̀rù ní kẹ́mísìtì.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé gíláàsì fèrèsé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó Kápẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àfi bí gíláàsì ńlá kan ṣe fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ṣé mo ní kó o lọ gíláàsì bí ata ni?" Bí ọ̀gá ṣe pariwo nìyẹn, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í wọra. Láti ìgbà náà, méjì mìíràn ti fọ́. Ọ̀gá wá ní tí òmíràn bá tún fọ́, kó fi tábìlì ìgégíláàsì sílẹ̀, kó máa gbálẹ̀.

"Mo ní kí n kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mi ò ní dá ọ dúró. Àmọ́ ṣé o ti sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀?"

"Kí wọ́n tún lè rí mi fi rẹ́rìn-ín?"

"Bọ̀dá Férémù ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Àgbàlagbà tó ń kan férémù níbẹ̀ ni Bọ̀dá Férémù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlera ọkàn níbi iṣẹ́, ni wọ́n bá ń pè é ní dókítà aláìlábẹ́rẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà dé ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì ńlá kan ti ń dúró dè é lórí tábìlì. Ọ̀gá fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ó yá o. Ẹyọ kan ló kù nínú irú èyí."

Obìnrin náà yà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Férémù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá náà gbé òòlù sílẹ̀. "Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú; àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Báwo lèyí àkọ́kọ́ ṣe fọ́?"

"Mo fi irin ìgégíláàsì fa ìlà sójú rẹ̀, kò dá mi lójú pé ó wọlé, ni mo bá padà fà á lẹ́ẹ̀kejì."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

Gbogbo agégíláàsì ló mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan là ń fa ìlà, ká tó tẹ gíláàsì kó dá lójú ìlà náà. Tá a bá padà gba ojú rẹ̀, gíláàsì á fọ́ síbi tó wù ú. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń fi í kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ọwọ́ ẹ ò bà jẹ́," Bọ̀dá Férémù sọ. "Iyèméjì ló ń dá ọ padà. Ọkàn nílò okun bí apá ṣe nílò rẹ̀. Kọ́kọ́ gé àjákù gíláàsì díẹ̀, kí ojú ẹ rí i pé o ṣì mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ ń dẹ́rù bà á."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, sà. Gíláàsì yín náà ni."

Ọ̀gá fajú ro, àmọ́ ó sún.

Obìnrin náà gé àjákù kan, ó gé èkejì, wọ́n já geere. Ó wá kọjú sí gíláàsì ńlá, ó gbé rúlà lé e, ó fa ìlà. Nígbà tó fà á dópin, ó jọ lójú rẹ̀ pé apá kan ò wọlé dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ padà.

"Fi í sílẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀ sókè, ó sì gbé irin ìgégíláàsì sílẹ̀. Ó tẹ etí gíláàsì náà.

Ó dá sí méjì, gbọnrangandan lójú ìlà.

Ọ̀gá padà sún mọ́ tábìlì. "Kò yẹ kí n pariwo mọ́ ọ lójú gbogbo ènìyàn. Má bínú."

"Ẹ ṣé, sà," omi ti lé sí i lójú. "Nígbà míì, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, àṣìṣe kan ò sọni di aláìmọ̀ṣẹ́. Tí nǹkan bá bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá ohun tó fà á gan-an, kẹ́ ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ ti ṣe yọrí rí, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré. Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kí ẹ̀rù tó lé yín sílé. Ìrètí, ìgboyà, ìfaradà àti ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni, irinṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ báni wí níkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ yinni ní gbangba. Ẹni tẹ́ ẹ dójú tì lónìí, ọwọ́ rẹ̀ náà lẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ́la.