Ọwọ́ Kan Ló Ń Fi Iyọ̀ Sí Ìkòkò

"Maryoris, ìwọ lo máa fi iyọ̀ sí i lónìí o," ni Ìyá Petrona, aládùúgbò wọn, wí, ó sì gbé agolo iyọ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Maryoris wo agolo náà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Agolo wàrà àtijọ́ ni, ìdérí rẹ̀ ti wọ́, abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ló sì máa ń wà bí wọ́n bá ń se ọbẹ̀ sancocho lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ìyá rẹ̀, Etilvia, kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí kò tíì sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú ni, bí apá tí ènìyàn sùn lé mọ́jú. Bí wọ́n bá pè é, á dáhùn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò yàtọ̀ sí àkísà lẹ́nu rẹ̀. Ata, ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ bàbá rẹ̀ ti pọ̀ tó, àwọn ará àdúgbò sì ti ṣe wàhálà lórí wọn kọjá sísọ.

"Ṣé wàá lè ṣe é?" ni Ìyá Petrona bi í.

"Mo lè ṣe é, mà."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ní ìlú Palo Hondo wa yìí, sancocho kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan. Ilé kan á mú gbágùúdá wá, òmíràn á mú adìẹ, òmíràn á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ẹni tí kò ní nǹkan kan á mú igi ìdáná tàbí omi wá, ojú kò sì ní tì í. Gbogbo ènìyàn ló láṣẹ láti ju nǹkan sínú ìkòkò. Iyọ̀ nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan ló ń fi iyọ̀ sí i, torí bí ọwọ́ bá ti di méjì, ọbẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Etilvia ló ni ọwọ́ náà. Á da ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á gbójú sókè, á ní, "Ó kù díẹ̀." Tó bá ṣe díẹ̀, á ní, "Ó ti tó." Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn, kódà Bàbá Toribio tó máa ń bá gbogbo ayé jiyàn.

Òun náà ló dá ìkòkò ilé ìkàwé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìwé wá sínú yàrá tí wọ́n ti ń ta yìnyín tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ló ń yà síbẹ̀. Etilvia ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n máa se ọbẹ̀ lẹ́yìn yàrá náà ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, kí kálukú sì mú ìwé dání títí ọbẹ̀ yóò fi jinná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Báyìí ni Bàbá Toribio, apẹja tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rí, ṣe di ẹni tó ń bá àwọn ọmọdé jiyàn lórí ìràwọ̀.

Nísinsìnyí, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kó àwọn ìwé náà lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọbẹ̀ ni àwọn ará Palo Hondo ń bá lọ sílé ìkàwé, pé kì í ṣe ìwé. Wọ́n rán obìnrin òṣìṣẹ́ wọn kan, Arábìnrin Rosaura, pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Sátidé òní yìí gan-an ló ń bọ̀.

Bí wọ́n bá kó ìwé náà lọ, ìkòkò náà lọ nìyẹn, ohun tí ìyá Maryoris fi sílẹ̀ láyé sì parẹ́. Maryoris mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tó wà nínú ilé ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta. Kò dùn ún, kò sì bà á lẹ́rù.

Nígbà tí ìkòkò hó dáadáa tí ẹran adìẹ sì rọ̀, ó lọ dúró tì í. Ó da ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó mọ̀ pé ó gbóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Ó tún lá a. Ó ṣí agolo, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Mélòó ni ìyá rẹ̀ máa ń bù? Ẹ̀kúnwọ́ ni àbí ààbọ̀? Ó ti rí i tó ń bù ú láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ ló máa ń wò nígbà náà, kì í wo ọwọ́ rẹ̀.

Keyla, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń bó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. "Kí lo ń rò tó bẹ́ẹ̀?" ló wí. "O ò rí i pé gbogbo wọn ń wò ẹ́? Ṣáà sọ pé ó ti tó, ká lọ jókòó. Ta ló máa mọ̀?"

Maryoris yọ ọwọ́. Kò sí horo iyọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó pa agolo dé, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ṣé ó ti tó?" ni Ìyá Petrona ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti tó, mà."

Ó lọ jókòó sí orí àga kan nínú ilé ìkàwé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ògiri. Láti ojú fèrèsé, ó rí i tí Ìyá Petrona lọ sídìí ìkòkò, tó tọ́ ọbẹ̀ wò, tó sì yára kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Toribio lọ ko iná. Lẹ́yìn Bàbá Toribio, Aníbal tó ń ṣètọ́jú ilé ìkàwé náà yọ́ lọ síbẹ̀. Ó jọ pé gbogbo ènìyàn ló ní nǹkan tó fẹ́ wò nínú ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mọ àwọn ará ìlú wa dáadáa ì bá ti fura, ṣùgbọ́n Maryoris kò fura sí nǹkan kan. Ó kàn ń wò wọ́n ni.

Arábìnrin Rosaura dé nígbà tí ilé ti kún. Ó wo àwọn tó ń kàwé, ó wo èéfín tó ń gba fèrèsé wọlé. "Òórùn ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀," ló sọ fún Aníbal. "Ó dáa. Mo fẹ́ dúró wo iye ènìyàn tó máa kù níbí bí wọ́n bá jẹun tán."

Aníbal rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jókòó, mà. Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹ."

Wọ́n bu ọbẹ̀ fún un. Ó fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ fún mi lómi."

Aníbal tọ́ ọ wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá Toribio tọ́ ọ wò. "Mo ti mu omi òkun rí," ló wí. "Ó sàn ju èyí lọ."

Kò sí ẹni tó wo Maryoris. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo àjà, wọ́n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Petrona dìde. "Ẹ̀bi mi ni, mà," ló sọ fún àlejò náà. "Iná ni mo jẹ́ kó pọ̀ jù. Omi rẹ̀ ló gbẹ."

Maryoris gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa á. Àgbàlagbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òkú ìyá rẹ̀ ń tàbùkù ara rẹ̀ níwájú àlejò nítorí tirẹ̀. Nǹkan kan ta á ní àyà, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ta á. Ó dìde.

"Ìyá Petrona, ẹ má parọ́ nítorí mi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Mi ò fi iyọ̀ kankan sí ọbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, ẹnu mi ò mọ adùn nǹkan kan mọ́. Mo ṣí agolo, mi ò mọ iye tí mo máa bù, mo sì pa á dé. Mo ní ó ti tó torí pé mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Ìyá Petrona wò ó títí. "O ò fi nǹkan kan sí i?"

"Rárá, mà."

"Háà." Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo tọ́ ọ wò, kò níyọ̀. Àánú ẹ ṣe mí, ọmọ mi. Mo ní kí n má dójú tì ẹ́. Mo bu díẹ̀ sí i."

"Ẹ̀yin náà?" ni Bàbá Toribio bi í.

"Kí lẹ ń pè ní 'ẹ̀yin náà'?"

"Èmi náà bù ú ni. Ẹ̀kúnwọ́ apẹja sì ni."

Aníbal fi ìwé bojú. Keyla na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní kí wọ́n má wo òun, ṣíbí kékeré lòun lò. Ìgbà náà ni Hernando, bàbá Maryoris, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bù ú," ló wí. "Ní ìgbà kejì, mo rò pé mi ò tíì bù ú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn mìíràn. Arábìnrin Rosaura kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ ti bàjẹ́. Ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lóòótọ́. "Omi," ni Ìyá Petrona wí. "Gbágùúdá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kálukú lọ wo ohun tó kù nílé." Ilé ìkàwé ṣófo. Maryoris dúró sí àárín rẹ̀, ó rò pé òun ti ba ohun tí ìyá òun kọ́ jẹ́, pé tí ilé yìí bá tì, irọ́ òun ló tì í.

Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá. Bàbá Toribio ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú iṣu lórí, lẹ́yìn náà ni Keyla gbé omi dé. Ẹnì kan yá wọn ní ìkòkò kejì. Wọ́n pín ọbẹ̀ náà sí méjì, wọ́n fi omi là á, wọ́n da gbágùúdá sí i. Bó sì ṣe tún di pé kí wọ́n dúró de ìkòkò, kálukú wá àga, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ padà síbi tó ti dúró.

"Maryoris, kà á fún mi," ni Bàbá Toribio wí. "Ojú Aníbal ò ríran dáadáa, ó sì máa ń fo ibi tó dùn."

Ó kà á fún un. Ikùn bàbá náà ń dún tí gbogbo wọn ń gbọ́. Arábìnrin Rosaura bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọdébìnrin kan tó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ebi ò pa ẹ́ ni?" ló bi í.

"Ebi ń pa mí, mà," ni ọmọ náà wí láìgbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi wọn ṣì sọnù."

Arábìnrin Rosaura dìde. Ó lọ mú ọ̀bẹ, ó jókòó ti Ìyá Petrona, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó gbágùúdá. Ó bó o nípọn jù, wọ́n sì bá a wí. Nígbà tó yá, ó sọ fún Aníbal pé, "Wọ́n ní ọbẹ̀ ló ń fà wọ́n wá. Ọbẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọ̀sán, ilé ṣì kún. Ìwé yìí ò lọ síbì kankan. Èmi ni mo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ìkòkò tún hó. Ìyá Petrona da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Maryoris, ó tún da díẹ̀ sí tirẹ̀.

"Mi ò lè mọ̀ ọ́n, mà."

"Mo mọ̀ pé o ò lè mọ̀ ọ́n. Lá a bẹ́ẹ̀. A jọ máa lá a ni."

Ó lá a. Ó gbóná. Ó dúró, ó sì wá mọ nǹkan kan ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó jìnnà, ó kéré bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé kejì. Iyọ̀ ni. Kò pọ̀. Ó gbójú sókè.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Ìyá Petrona lá tirẹ̀. "Òótọ́ ni," ló dáhùn. "Ó kù díẹ̀."

Maryoris ki ọwọ́ bọ agolo náà. Kò sunkún níbẹ̀. Nílé ni ẹkún náà ti bá a, nígbà tó ń gbá ilẹ̀ ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ sì jókòó tì í títí ó fi tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ pé, "Mi ò lè ṣe é, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Àánú tí kò sì lanu sọ̀rọ̀, òun náà ń ba ọbẹ̀ jẹ́, ẹ bi àwọn àgbà ìlú wa. Ní Palo Hondo, ọwọ́ kan náà ló ṣì ń fi iyọ̀ sí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì ló ń tọ́ ọ wò báyìí.