Abẹ́rẹ́ Ìyá Ló Bo Àìsàn Ọmọ Mọ́lẹ̀

Kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ tí kì í kọ́kọ́ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí ọmọ náà bá ti iléèwé dé, iwájú dígí ló máa ń dúró sí, tí yóò wọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán kí àwọn èèyàn lè rí i.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Irú èyí gan-an ni kẹ́ ẹ rán fún mi o!" oníbàárà kan á wí.

"Aṣọ nìkan là ń tà," Ìyá Télọ̀ á dáhùn. "Ìbàdí yẹn ò sí fún títà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju ọmọ lọ. Ìyá Télọ̀ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó tún tóbi, ó tún rán an wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé gbogbo ìgbà ni aṣọ ń bá ọmọ mu rẹ́gí, kò sì sẹ́ni tó rí i pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń tán lọ lábẹ́ aṣọ.

Nílé, oúnjẹ ti di ìjà. Òtútù ń mú ọmọ nínú oòrùn. Irun rẹ̀ ń já. Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á ní òun ti jẹun níléèwé. Lọ́jọ́ tí kò sí iléèwé ńkọ́? Á ní inú ń run òun.

"Aràn ni," bàbá rẹ̀ wí. Káfíńtà ni. Wọ́n ra oògùn aràn. Aràn ò jáde, owó nìkan ló jáde.

Káfíńtà wá gbaná jẹ. "Pákó tí mo fi ń ṣe férémù wíńdò sanra jù ọ́ lọ! Jẹun!"

"Dádì, mo ti sanra jù."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ òun ti ń kọ́ àwàdà lọ́wọ́ òun. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ó ní ọmọ ò gbọdọ̀ dìde lórí àga bí abọ́ ò bá ṣófo. Àfi bí abọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo lóòótọ́! Káfíńtà jó yí tábìlì ká. "Ẹ wò ó! Ohùn ọkùnrin ló ń dúró dè!"

Ijó ọ̀hún ò pẹ́. Ìyá Télọ̀ ki ọwọ́ bọ inú àpò àjákù aṣọ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá ìrẹsì, ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, tí gbogbo rẹ̀ ti bu. Àpò àkísà ló ń jẹun, kì í ṣe ọmọ.

Wọ́n ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ẹni tó fà á nígbà tí ọmọ ṣubú níwájú dígí.

Ọsibítù dá a dúró. Dókítà kan, obìnrin, jókòó ti àwọn òbí rẹ̀.

"Dókítà, ṣé oríkunkun ni?" Káfíńtà béèrè.

"Rárá, bàbá. Àìsàn ni, anorẹ́síà là ń pè é. Ọpọlọ ló mú, ara ló ń jìyà rẹ̀. Bó ṣe rù tó yẹn, tó bá wo dígí, ẹni tó sanra ló ń rí. Oúnjẹ ń bà á lẹ́rù bí ejò ṣe ń ba ẹlòmíì lẹ́rù. Ọkàn rẹ̀ ti ń lù lọ́ra jù. Ká ní ẹ pẹ́ sí i ni, à bá ti pàdánù rẹ̀."

"Ẹ fún un lóògùn, ká máa lọ sílé."

"Kò sí oògùn kan tó ń lé e lọ bí oògùn ṣe ń lé orí fífọ́ lọ. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa fún un níbí, torí pé oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè pa ẹni tí kò jẹun fún ìgbà pípẹ́. Yóò máa rí ẹni tó ń tọ́jú ọpọlọ pẹ̀lú. Èyí tó kù di ọwọ́ yín."

Ìyá Télọ̀ bú sẹ́kún. "Ọwọ́ tèmi tó fi abẹ́rẹ́ bò ó mọ́lẹ̀?"

"Ìyá, a ò wá pín ẹ̀bi. Ẹ máa jókòó tì í tó bá ń jẹun, ẹ má sì tètè dìde tó bá jẹun tán. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Kí ohùn ẹ̀yin méjèèjì ṣọ̀kan. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ìyìn."

"Ìyìn kẹ̀?" ni Káfíńtà wí.

Nígbà tí ọsibítù fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n dé ilé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ á tutù, wọ́n á gbé e kaná, á tún tutù. Ọmọ á sunkún, á bú wọn. Àwàdà Káfíńtà tán pátápátá, ó wá ń tún àwọn tó ti sọ sọ.

"Dádì, ẹ ti sọ ìyẹn."

"Jẹun, kí n lè dákẹ́."

Ó rẹ̀ wọ́n dé egungun. Síbẹ̀, ṣíbí ń lọ sẹ́nu.

Ara ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mókun nígbà tí ẹ̀gbọ́n Káfíńtà obìnrin ya ilé. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Háà, ọmọ mi! Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! O ti sanra, o ti rẹwà!"

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ọmọ gbé ṣíbí sílẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

Káfíńtà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti sú mi. A ti padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Télọ̀ pe dókítà lórí fóònù, ó ròyìn ohun tí ìyìn náà dá sílẹ̀. "Ẹ mú un wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò," ni dókítà wí. "Irú ìfàsẹ́yìn yìí wọ́pọ̀, kò ní kí ìwòsàn má ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ wá ẹni kún ara yín, kí ẹni tó rẹ̀ lè sinmi."

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà tó ti ń sunkún nídìí ilẹ̀kùn dá wọn lóhùn. "Ẹ fi mí kún un. Mi ò mọ̀ pé ìyìn lè ṣeni léṣe. Ẹ kọ́ mi lóhun tí mi ò ní sọ."

Nígbà tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, àwọn mẹ́ta ló jókòó yí tábìlì ká. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ tẹjú mọ́ abọ́ títí.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. Kò sọ ọ́ rí.

Káfíńtà wá àwàdà, kò rí. "Mo mọ̀. À ń bẹ níbí."

Ọmọ fi ọwọ́ kan di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ṣíbí. Ó ń sunkún, ó ń jẹ.

Ẹ̀yin òbí àti ará, wọn ò tíì parí rẹ̀ nílé yẹn. Àìsàn yìí kì í tètè lọ. Bí ọmọ yín bá ń rù, tó ń sá fún oúnjẹ, tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó sanra, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹ má bú u, ẹ má sì máa rò pé aràn ni. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ jókòó tì í. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ pe ẹlòmíì wá jókòó, kí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ṣáà ti ṣófo.