Ọbẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ìkòkò Kan

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé ni, fọ́nrán òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀bẹ tí yóò fi gé àlùbọ́sà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà láti aago márùn-ún ààbọ̀, ó jókòó ti tábìlì, ó ń retí oúnjẹ.

"Oúnjẹ ń bọ̀, Màmá."

"Ó ti ń bọ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí. Ṣé ẹsẹ̀ ló ń fi rìn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń ba télọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú ìdúró báyìí mú kí òòyì kọ́ ìyá, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

Kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, télọ̀ àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìkòkò tó tóbi jù nílé. Ìkòkò ò wọ fíríìjì. Ǹjẹ́ káfíńtà máa ń gbà fún nǹkan báyẹn? Ó yọ pẹpẹ méjì dànù, ó ti ìkòkò náà wọlé ní gbígbóná, ó sì ń yangàn kiri ilé.

Lójoojúmọ́, wọ́n á gbé odindi ìkòkò jáde, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á dá a padà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìyá gbóòórùn abọ́ rẹ̀, ó sì tì í sẹ́yìn.

"Ọbẹ̀ yìí ti kan! Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ṣe tán àtikú o!"

Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó wá yẹ ara ìyá wò yọjú sí ìkòkò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èrò yín dára, ìkòkò yín ni kò dára. Àárín ọbẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí kì í tètè tutù, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń ṣe fàájì."

"Kí la máa wá ṣe?" ni káfíńtà bi í.

"Ẹ bù ú sí abọ́ kéékèèké onídèérí, ìwọ̀n àjẹtán ẹ̀ẹ̀kan. Kí wákàtí méjì tó pé, kó ti wọ fíríìjì. Èyí tó bá máa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kó wà nínú fírísà. Abọ́ tí ẹ máa jẹ nìkan ni kí ẹ gbé jáde, kó sì hó dáadáa lórí iná. Màmá, kí oúnjẹ yín wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn mì."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé pawọ́ pọ̀. Ìyá ló ń kọ ọjọ́ sí ìdérí abọ́. Ó kọ "Tèmi ni, ẹ má fọwọ́ kàn án" sí mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aṣọ ìyàwó kan dá télọ̀ dúró títí di aago méje. Eré ló sá délé. Ó bá ìyá tó ti jẹun, tó ti lo oògùn, tó ń fọ abọ́, tó sì ń kọrin.

"Ìyàwó mi, jókòó. Tìẹ náà wà lórí iná."

Télọ̀ jókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti se oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ pín in kéékèèké, ẹ tètè jẹ́ kó tutù, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹ má sì dá ìdáná dá ẹnì kan ṣoṣo, torí gbogbo ẹnu ló ń jẹun.