Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ọmọbìnrin kan gbé nǹkan mọ́ àyà, ó fi táwẹ̀lì wé e, òjò sì ti pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sáré dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ó rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá ni.

"Ẹ gbé e wọlé kíá! Ṣé ó ṣì ń mí?"

"Ó ń mí," ni ọmọbìnrin náà dáhùn, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Àmọ́ ó ń mí bí ẹni tó fẹ́ kú."

Nígbà tó tú táwẹ̀lì náà, kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan ló yọjú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti họ. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, ó sì fa àga fún un.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí kì í gbóhùn sókè. Bàbá rẹ̀, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ló kọ́ ọ ní yíya àwòrán ilé lórí tábìlì oúnjẹ wọn, kí ojú bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bàbá ló ni kọ̀ǹpútà náà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ fi àwòrán ilé ẹ̀kọ́ kan han ọ̀gá ayàwòrán-ilé tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí, ìlà kan ṣoṣo sì ń gba ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá parí, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn nílé.

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin náà. Kì í tú ẹ̀rọ kankan láìkọ́kọ́ ya àwòrán ìdí rẹ̀ sórí ìwé. Nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá tú, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ti yọ ọ́ nínú àwòrán náà.

Jẹ́jẹ́ wo ìwé yẹn, ẹ̀rín sì yọ létè rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń yàwòrán."

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá ọkùnrin náà.

Ó mú purosẹ́sọ̀ méjì jáde nínú páálí, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò fẹ̀ ju sítáǹbù ìwé lọ. "Ọpọlọ kọ̀ǹpútà rèé. Èyí yá díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ ò sì pọ̀. Ìkejì yìí á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, àmọ́ á gbóná."

"Èwo ni ò ní pa á?"

"Àǹtí, ẹ̀rù yín mà pọ̀ o!"

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ bá mi fi èyí tí ooru rẹ̀ kéré sí i."

Àmọ́ ọkùnrin náà fẹ́ wú u lórí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Akọni ni màá fún yín." Kò yẹ àkọsílẹ̀ wò láti mọ èyí tí ẹ̀rọ náà lè gbé, ohun tí kì í gbójú fò. Ojú ọmọ yìí ló ń wò.

Lọ́jọ́rú, ó fi akọni náà sí i. Fáànù pariwo bí oyin tí wọ́n tú ilé rẹ̀ ká. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ kan ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá tó ni ín ò pariwo, ńṣe ló kàn ń sunkún. Ẹkún yẹn ò tíì kúrò létí rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ dé pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, kọ̀ǹpútà mi dà?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀: á ní ẹ̀rọ ti gbó, á ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ó wo Jẹ́jẹ́. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ yín mú èyí tó dára, èmi ni mo ní kó má bẹ̀rù. Mo ń ṣe fújà fún un ni."

"Fújà! O fi ọjọ́ ọ̀la ọmọ mi ṣe fújà? Jẹ́jẹ́, gbé ẹ̀rọ yẹn, ká máa lọ. O ò gbọdọ̀ dé ibí mọ́."

Jẹ́jẹ́ ò gbé ẹ̀rọ náà. Láti kékeré, kò tíì bá bàbá rẹ̀ jiyàn rí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó fi èyí tí mo mú tẹ́lẹ̀ sí i."

"Tó bá tún bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti kú báyìí, Bàbá. Kò lè kú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá fa àga, ó jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọn eruku inú fáànù. Jẹ́jẹ́ di ìwé àwòrán náà mú, ó ń yọ nọ́ọ̀tì ara rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka wọn kanra, tirẹ̀ tutù, ti ọkùnrin náà tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?" Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ń bà mí gan-an."

"Èmi náà."

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Jẹ́jẹ́ dijú. Nígbà tó yá, iná kékeré kan tàn, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ń mí," ni ọmọbìnrin náà wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí ẹ̀rọ náà, kò gbé e kúrò fún ìdajì wákàtí. "Kò gbóná," ó ní. Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Jẹ́jẹ́ parí àwòrán, ó sì ríṣẹ́ náà. Àmọ́ bàbá ò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà pé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́, Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ sì ń bẹ̀rù pé òun ò ní rí Jẹ́jẹ́ mọ́. Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó gbọ́ ohùn kékeré yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀: kọ̀ǹpútà náà ò gbóná rí láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ sì ti rọ̀. Jẹ́jẹ́ tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì: àwòrán ilé kékeré kan, tó ní yàrá tí tábìlì gígùn wà nínú rẹ̀.

"Ta ló ni yàrá yìí?" ni Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ béèrè.

"Ẹnì kan tó máa ń lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ ìwé ni. Bó bá wù ú."

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ wo ìwé náà, ó wo ọmọbìnrin náà. "Jẹ́jẹ́ mi, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù."

Bàbá ti sún ojú mọ́ ìwé náà. "Fèrèsé yàrá yẹn ti kéré jù," ó kùn. "Ooru á pa á níbẹ̀." Ó yọ bírò lápò, ó nà án sí Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀. "Gbà, ọmọ mi. Fẹ̀ ẹ́ sí i."

Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ fa ìlà tuntun. Ìlà náà gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ Jẹ́jẹ́ ò pa á rẹ́.